Kí Àbùùbùtán Má Baà Tán

Àwọn baba wa kò ṣèèṣì sọ ẹran ńlá inú òkun ní àbùùbùtán. Bí irú rẹ̀ bá kú tí ìgbì sì gbé e gúnlẹ̀ sí etí òkun, tọmọdé tàgbà abúlé ni yóò yọ ọ̀bẹ lọ bá a. Wọn yóò bù, wọn yóò tún bù, ẹran yóò sì ṣẹ́kù síbẹ̀. Lójú wọn, ohun tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń gbé inú omi tí ẹnikẹ́ni kò rí òpin rẹ̀, kò lè tán láyé. Ṣùgbọ́n láàárín nǹkan bí ọgọ́ta ọdún péré, ọmọ aráyé bu àbùùbùtán débi pé díẹ̀ ni ó kù kí orúkọ tí a fún un di irọ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ nítorí pé lọ́dọọdún, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, àwọn ọkọ̀ òkun a máa kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ sí òpin ayé ní ìhà gúúsù, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí àbùùbùtán, pẹ́ńgúìnì, síìlì àti onírúurú ẹyẹ òkun. Àwọn kan ń yin ìrìn-àjò náà, àwọn kan sì ń bú u. Ní tèmi, mo gbà pé kò burú kí ènìyàn lọ wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó ti tó àkókò láti fi òfin sọ iye ẹsẹ̀ tí yóò máa tẹ ilẹ̀ náà lọ́dún, kí a sì tètè dá ọwọ́ àwọn tí ń kó oúnjẹ lẹ́nu àwọn ẹranko ibẹ̀ dúró. Àti pé àwa tí a ń gbé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ẹ̀tọ́ láti lóhùn sí ọ̀ràn náà. Bí ó ṣe kàn wá yóò hàn bí a bá ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó ń gbéra ní Ushuaia, ìlú kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá orílẹ̀-èdè Ajẹntínà. Láti ibẹ̀ dé ilẹ̀ Antarctica tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ọkọ̀ sì ń lo nǹkan bí ọjọ́ méjì kí ó tó la omi Drake kọjá. Àwọn atukọ̀ ka omi náà mọ́ èyí tí ó le jù lọ láyé, nítorí kò sí ilẹ̀ kankan ní ọ̀nà ibẹ̀ tí yóò dá ìjì àti ìgbì dúró bí wọ́n ti ń yí ayé po. Èrò mìíràn kì í lè gbé orí sókè lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú yóò rí ẹyẹ albatross tí ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Bí ẹyẹ yìí bá na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó lè ju mítà mẹ́ta lọ láti ìkángun kan dé èkejì, ó sì lè wà lójú òfurufú fún wákàtí púpọ̀, kí ó máa gun afẹ́fẹ́ láì ju apá.

Ẹyin kan ṣoṣo ni albatross ńlá yìí ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí ọmọ rẹ̀ tó lè fò, nítorí náà ọdún méjì méjì ni ó ń bímọ bí ó bá rí i tọ́ dàgbà. Ẹ̀dá tí ń bí báyìí kò lè tètè dí àlàfo ikú òjijì. Nígbà tí àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí fi okùn gígùn tí a so ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ̀ mọ́ pẹja lójú agbami, ńṣe ni àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ń gbé ìjẹ mì, tí ìwọ̀ sì ń fà wọ́n rì. Ní agbègbè erékùṣù South Georgia, àwọn aláṣẹ pàṣẹ pé òru ni kí a máa ju ìwọ̀ sómi, kí a sì so ohun wúwo mọ́ okùn kí ó lè tètè rì kọjá ibi tí ẹyẹ lè dé. Láti ìgbà náà, ẹyẹ tí ń kú lọ́wọ́ àwọn apẹja agbègbè náà kò tó nǹkan mọ́. Ṣùgbọ́n albatross kò mọ ààlà. Bí ó bá ti fò kọjá sínú omi tí kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ìwọ̀ ṣì ń dúró dè é.

South Georgia tí mo dárúkọ yìí ni n óò fẹ́ kí a dúró pẹ́ sí. Erékùṣù olókè ni, tí yìnyín bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó bí baba rẹ̀ síbẹ̀. Ní etíkun rẹ̀ kan tí ń jẹ́ St Andrews Bay, àwọn pẹ́ńgúìnì tí wọ́n ń pè ní pẹ́ńgúìnì ọba pé jọ ní nǹkan bí 150,000 tọkọtaya. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta, àyà wọn funfun, ọrùn wọn pọ́n bí ẹyin adìẹ tí a là. Òórùn ìgbẹ́ wọn a máa pàdé ọkọ̀ kí ojú tó rí wọn, ariwo wọn sì dà bí ti ọjà tí ó kún dé ẹnu. Síbẹ̀, nínú ogunlọ́gọ̀ yìí, òbí kì í ṣi ọmọ gbé. Baba tàbí ìyá tí ó lọ wá oúnjẹ lókun yóò padà, yóò ké, ohùn ọmọ tirẹ̀ ni yóò sì mọ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ara ọmọ náà kún fún ìyẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó rí wúruwùru bí òwú tí a kò tíì ran. Kò gbọdọ̀ wọ omi títí yóò fi pa ìyẹ́ náà dà, nítorí náà ohun tí òbí bá gbé bọ̀ ni yóò jẹ.

Láàárín wọn ni síìlì erin sùn gbalaja sí. Imú akọ rẹ̀ tí ó wú, tí ó sì rọ̀ sílẹ̀ bí ọwọ́ọ̀jà kékeré, ni ó fún un lórúkọ. Akọ kan lè wọn tọ́ọ̀nù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn síìlì onírun tí kò tó wọn ní títóbi a sì máa sáré síwá sẹ́yìn, wọn a máa gbó mọ́ àlejò bí ajá ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá yọwọ́ gbígbó yẹn, kò sí èyí tí ó bẹ̀rù ènìyàn nínú gbogbo wọn. Pẹ́ńgúìnì lè rìn wá wo okùn bàtà ẹni. Àìbẹ̀rù yìí ni ó ń dùn mọ́ àwọn àlejò nínú jù lọ. Àìbẹ̀rù yìí kan náà ni ó pa wọ́n run láyé àtijọ́.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1775 ni James Cook, atukọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí erékùṣù náà. Ibẹ̀ kò wù ú rárá, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ó rí síìlì níbẹ̀, ìròyìn náà sì ni ó fi ọ̀nà han àwọn apẹran. Láti 1800 sí 1801, ọkọ̀ kan láti Amẹ́ríkà tí Edmund Fanning ń darí rẹ̀ kó awọ síìlì onírun 57,000 lọ. Nígbà tí ó fi máa di 1825, James Weddell, tí òun pàápàá jẹ́ apa-síìlì, ṣírò rẹ̀ pé awọ tí a ti kó kúrò níbẹ̀ tó 1,200,000. Ó dé ìgbà kan tí ọkọ̀ ń wá láti ọ̀nà jíjìn tí ó sì ń padà lófìfo.

Nígbà tí síìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó kan àbùùbùtán. Ní oṣù Kọkànlá 1904 ni Carl Anton Larsen, ọmọ orílẹ̀-èdè Nọ́wè, tẹ ibùdó kan dó sí Grytviken. Wọ́n ń fi ìbọn tí ń ta ọ̀kọ̀ pa àbùùbùtán lójú omi, wọ́n ń fà á wá sí èbúté, wọ́n ń bó ọ̀rá rẹ̀ bí ẹni bó ọsàn, wọ́n sì ń sè é nínú àgbá irin. Láti 1904 títí di 1965, àbùùbùtán tí a ṣe báyìí ní South Georgia nìkan jẹ́ 175,250. Bí a bá ka gbogbo òkun ìdajì ayé tí ó wà ní gúúsù, iye tí wọ́n pa láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá lọ yìí ju mílíọ̀nù méjì lọ. Àwọn àgbá irin náà ṣì wà ní Grytviken, ìpẹtà ti jẹ wọ́n, àwọn síìlì sì ń sùn sí abẹ́ wọn.

Kí ni wọ́n ń fi ọ̀rá náà ṣe? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà, àwọn onímọ̀ rí ọgbọ́n tí a fi ń mú òróró olómi dì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ọ̀rá àbùùbùtán ṣe ọṣẹ, tí wọ́n sì ń fi ṣe bọ́tà tí a ń fi ra búrẹ́dì. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ agbo ilé wa. Ilé-iṣẹ́ Lever Brothers tí ó ra Niger Company ní 1920, tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn òǹrajà epo pupa àti èkùrọ́ tí ó lágbára jù ní ilẹ̀ wa, ni ó ra ilé-iṣẹ́ apa-àbùùbùtán kan ní 1919. Southern Whaling and Sealing Company ni orúkọ rẹ̀, ibùdó rẹ̀ sì wà ní Prince Olav Harbour ní South Georgia kan náà. Àgbẹ̀ tí ń ru èkùrọ́ lọ sí ọjà ní ilẹ̀ Yorùbá kò mọ̀ pé ohun tí òun rù lórí ní orogún kan tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi yìnyín, àti pé òǹrajà kan náà ni ó ni àwọn méjèèjì.

Ibojì Ernest Shackleton wà ní Grytviken, àwọn èrò ọkọ̀ a sì máa dúró pẹ́ níbẹ̀. Yìnyín ni ó gbá ọkọ̀ rẹ̀, Endurance, mú ní 1915, tí ó fọ́ ọ tí ó sì rì; síbẹ̀ gbogbo ọkùnrin 28 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó yè. Ìtàn akọni ni, n kò sì ní í gba ògo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran síìlì àti ti pẹ́ńgúìnì ni wọ́n jẹ tí wọn kò fi kú, n kò sì tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni dúró ṣọ̀fọ̀ àwọn yẹn.

Òwò àbùùbùtán ní South Georgia kò dópin nítorí àánú. Ẹran ni ó tán tí ọjà fi kú. Nígbà tí ó ṣe, ní 1982, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀ràn àbùùbùtán dìbò pé kí a dá pípa wọn fún òwò dúró, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín 1985 sí 1986. Àwọn orílẹ̀-èdè kan kọ̀ jálẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù gbà. Ẹ wo ohun tí ó ti ibẹ̀ yọ. Ní 2018, àwọn onímọ̀ wá inú omi South Georgia fún àbùùbùtán aláwọ̀ aró, ẹ̀dá tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo èyí tí a mọ̀ pé ó tíì gbé ayé rí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì rí i. Ní 2020 wọ́n tún padà lọ fún ọjọ́ 23, wọ́n sì ka 55. Síìlì onírun tí wọ́n rò pé ó ti run ni wọ́n tún bá díẹ̀ ní Bird Island ní àwọn ọdún 1930. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò yọ wọ́n lẹ́nu mọ́, wọ́n bí títí wọ́n fi di mílíọ̀nù. Eku tí ó bá ọkọ̀ àwọn apẹran wọ erékùṣù náà, tí ó sì ń jẹ ẹyin àti ọmọ ẹyẹ láti ìgbà náà wá, ni wọ́n fi hẹlikópítà fọ́n májèlé fún láti 2011 sí 2015. Ní 2018 wọ́n kéde pé eku ti tán pátápátá. Ẹyẹ akọrin kan ṣoṣo tí erékùṣù náà ní, tí kò sì sí níbòmíràn láyé, ti wá padà sí àwọn ibi tí eku ti lé e kúrò. Mo sọ gbogbo èyí fún àwọn tí ń sọ pé ohun tí ó bá ti bàjẹ́ ti bàjẹ́ náà nìyẹn.

Nínú àwọn tí ó padà wá, àbùùbùtán abuké ni ó súnmọ́ wa jù. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gúúsù ni ó ń jẹun nínú omi tútù. Bí òtútù bá mú, a forí lé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti lọ bímọ. Àwọn tí ń jẹun nítòsí South Georgia a máa lọ sí etíkun Bràsíìlì, pàápàá ní Bàhíà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ti gbin àṣà wa sí. Ní àwọn ọdún 1950 iye àwọn wọ̀nyí kò tó 500 mọ́. Ìṣirò tí a tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé wọ́n ti tó nǹkan bí 25,000. Àwọn mìíràn tí oko ìjẹun wọn wà ní ìhà ìlà-oòrùn omi gúúsù náà ni ó ń gba ẹ̀gbẹ́ Gúúsù Áfíríkà àti Gabon gòkè wá sí ọ̀dọ̀ wa. Láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá, a máa ń rí wọn lójú òkun Kútọnu, tí abo ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní fífò lójú omi, àwọn ọlọ́kọ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Benin a sì máa gbé àlejò lọ wò wọ́n. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà lọ́dọ̀ wa, wọn kì í jẹ ohun tí ó tó nǹkan. Ọ̀rá tí ìyá ti kó jọ sí ara láti gúúsù ni ó fi ń lóyún, òun náà ni ó fi ń fún ọmọ lọ́mú, òun náà ni yóò sì fi rìn padà. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ẹni tí ó bá kó oúnjẹ nínú òkun gúúsù ti fi ebi pa ọmọ tí a bí sí ojúde wa.

Oúnjẹ náà sì ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Láti South Georgia, ọkọ̀ a máa kọjá sí ilẹ̀ Antarctica fúnra rẹ̀, níbi tí òkè yìnyín ti léfòó bí ilé alájà, tí oòrùn kì í sì í fẹ́ wọ̀ lóṣù Kejìlá. Gbogbo ẹran tí a ń rí níbẹ̀, bí kò bá jẹ edé, yóò jẹ ohun tí ó ti jẹ edé. Edé yìí, tí wọ́n ń pè ní kíríìlì, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n agbo rẹ̀ lè pọ̀ débi pé ojú omi yóò pọ́n. Abẹ́ yìnyín ni ọmọ rẹ̀ ń sá sí nígbà òtútù, ibẹ̀ náà ni ó ti ń rí ohun jẹ. Bí yìnyín bá ti ń dín kù, ibùgbé ọmọ edé ni ó ń dín kù.

Yìnyín náà sì ń dín kù ní tòótọ́. Ní àyíká erékùṣù Anvers, níbi tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ti ń ka pẹ́ńgúìnì láti àwọn ọdún 1970, iye àwọn pẹ́ńgúìnì Adélie ti fi ohun tí ó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn pẹ́ńgúìnì gentoo, tí kò fẹ́ràn yìnyín, sì ń gba ilẹ̀ wọn. Ní ìparí ọdún 2022, yìnyín omi Bellingshausen yọ́ ṣáájú ìgbà tí ó yẹ. Orí yìnyín bẹ́ẹ̀ ni pẹ́ńgúìnì emperor, tí ó tóbi ju ti ọba lọ, ń tọ́ ọmọ sí. Ọmọ tí ìyẹ́ òkun kò tíì hù lára rẹ̀ kò sì lè lúwẹ̀ẹ́. Nínú ibùdó márùn-ún tí àwọn onímọ̀ ń fi àwòrán láti òfurufú ṣọ́ níbẹ̀, kò sí ọmọ tí a gbà pé ó yè nínú mẹ́rin.

Àjàkálẹ̀ àrùn tún wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2023, a rí àrùn ẹyẹ H5N1, irú èyí tí ó kó ìdààmú bá àwọn olùsìn adìẹ ní Nàìjíríà láti 2006, lára àwọn ẹyẹ skua ní Bird Island. Kò pẹ́ tí ó fi ran síìlì. Bí a bá fi 2024 wé 2022, iye abo síìlì erin tí ó gòkè wá bímọ ní àwọn etíkun South Georgia tí a kà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹyẹ òkun ni ó gbé àrùn náà wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, kì í ṣe àlejò, ó sì yẹ kí a sọ òtítọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bàtà àlejò lè gbé e láti etíkun kan dé òmíràn, ìdí nìyí tí a kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó tàbí kí ó gbé àpò lé ilẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Lọ́rọ̀ kan, àwọn ọlọ́kọ̀ kò ṣe àìgbọràn. Láti 1966 tí Lars-Eric Lindblad ti kọ́kọ́ kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lọ síbẹ̀ ni ìlànà ti ń pọ̀ sí i. Ní 1991, ilé-iṣẹ́ méje dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ IAATO láti máa ṣọ́ ara wọn. Ọkọ̀ tí ó bá kó ju 500 èrò lọ kò gbọdọ̀ sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀. Ènìyàn tí ó wà lórí ilẹ̀ níbì kan lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọdọ̀ ju 100 lọ. A ó fọ bàtà kí a tó sọ̀ kalẹ̀, a ó sì tún un fọ̀ bí a bá padà. A kò gbọdọ̀ mú oúnjẹ dání. A ó jìnnà sí pẹ́ńgúìnì ní mítà márùn-ún ó kéré tán, bí ó bá sì jẹ́ òun ni ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ènìyàn ni yóò yà fún un. Mo fẹ́ràn ìlànà ìkẹyìn yìí púpọ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wa ìbá jẹ́ kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ìlànà tí ó sọ bí ènìyàn yóò ṣe dúró kò sọ iye ènìyàn tí yóò wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn tí ń lọ kò tó 10,000 lọ́dún. Láàárín 2023 sí 2024, wọ́n ju 120,000 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan nínú wọn kò sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń lọ sí etíkun díẹ̀ kan náà, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ rọ́bà ti lè gúnlẹ̀. Kí ọgọ́rùn-ún ènìyàn dúró jẹ́ẹ́ láàárọ̀, kí ọgọ́rùn-ún mìíràn dúró jẹ́ẹ́ lọ́sàn-án, kí ó sì rí bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kọkànlá di oṣù Kẹta, ẹyẹ tí ó sàba lé ẹyin kò ní ọjọ́ ìsinmi. Bí ọkọ̀ bá sì ti ń pọ̀ ni ewu ń pọ̀. Explorer, ọkọ̀ tí a kàn fún Lindblad fúnra rẹ̀ ní 1969, ni yìnyín lù tí ó sì rì ní oṣù Kọkànlá 2007 nítòsí erékùṣù King George. Gbogbo ènìyàn 154 tí ó wà nínú rẹ̀ ni a gbà là, nítorí ojú ọjọ́ dára, ọkọ̀ mìíràn kò sì jìnnà.

Àwọn oníṣòwò ìrìn-àjò a máa sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ di agbẹnusọ fún ibẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹlòmíràn yóò dé, yóò ya fọ́tò, yóò sì padà sílé lọ ra epo edé inú ìgò tí wọ́n kó lẹ́nu ẹran tí ó lọ yà náà. Bí a bá ní agbẹnusọ 120,000 lọ́dún kan, ó yẹ kí ohùn wọn ti dé Hobart, ìlú kan ní Ọsirélíà tí àjọ tí ń ṣàkóso ẹja pípa nínú omi náà ti ń ṣèpàdé lọ́dọọdún.

Àdéhùn tí ó dá àjọ náà, CCAMLR, sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1982. Wọ́n fi ẹnu kò pé tọ́ọ̀nù edé tí a lè kó lọ́dún láti apá omi tí South Georgia àti ẹnu ilẹ̀ Antarctica wà kò gbọdọ̀ ju 620,000 lọ. Tí a bá fi wé gbogbo edé tí ó wà nínú òkun náà, iye yẹn kò pọ̀, àwọn adẹdé a sì máa fi èyí gbèjà ara wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò sí nínú iye nìkan, ó wà nínú ibi tí a ti ń kó o. Tẹ́lẹ̀, òfin pín iye náà sí apá omi mẹ́rin kí wọ́n má baà kó gbogbo rẹ̀ lójú kan. Ní 2024, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò lè fi ohùn ṣọ̀kan láti tún òfin ìpín náà ṣe, ó sì kú. Ní 2025, àwọn ọkọ̀ kó iye gbogbo náà tán ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, wọ́n sì ní láti ti omi náà pa kí àkókò tó pé. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ibi tí edé pọ̀ sí ni ọkọ̀ ń lọ, ibẹ̀ gan-an náà ni àbùùbùtán àti pẹ́ńgúìnì ti ń jẹun. Kí ni wọ́n sì ń fi edé náà ṣe? Wọ́n ń fi sìn ẹja nínú àgọ́, wọ́n sì ń fún epo inú rẹ̀ sínú kóró oògùn. Lẹ́ẹ̀kejì, epo ni wọ́n tún ń wá.

Nítorí náà, bí mo bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń pinnu, edé ni n óò kọ́kọ́ mú. N óò dá òfin ìpín padà, n óò sì ti àwọn omi tí pẹ́ńgúìnì ń tọ́mọ sí pa mọ́ ọkọ̀ adẹdé pátápátá ní ìgbà ìbímọ. Lẹ́yìn náà ni n óò sọ iye àlejò tí ó lè sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún, tí n óò sì jẹ́ kí òfin orílẹ̀-èdè wà lẹ́yìn rẹ̀ dípò ìlérí àwọn oníṣòwò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìfohùnṣọ̀kan ni wọ́n fi ń pinnu. Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo tí ó bá sọ pé rárá ti dá gbogbo ilé dúró.

Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ fún wa nínú ilé náà? Nígbà tí orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí Àdéhùn Antarctica ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1959, Gúúsù Áfíríkà nìkan ni ó wá láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ó sì wà níbẹ̀ nígbà náà. Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira. A kò lè dá ara wa lẹ́bi fún èyí. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà sọ pé orílẹ̀-èdè èyíkéyìí tí ó bá wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lè wọlé, láti 1960 ni a sì ti wà nínú àjọ yẹn. Síbẹ̀ Nàìjíríà kò sí lára àwọn tí ó fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àtijẹ àtimu kò jẹ́ kí a ráyè ti yìnyín. Mo tún mọ̀ pé wíwọlé nìkan kò fún ni ní ìbò, nítorí àwọn tí ń ṣe ìwádìí níbẹ̀ ni ó ń pinnu. Síbẹ̀ ẹni tí ó jókòó nínú ilé ìpàdé a máa gbọ́ ohun tí ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn kì í gbọ́.

Ohun kan wà tí a lè ṣe láì dúró de ẹnikẹ́ni. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìwádìí òkun kan ní Èkó. Àwọn apẹja wà láti Badagry títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n ń wo ojú omi lójoojúmọ́. Kí ilé ìwádìí náà fún wọn ní ìwé, kí wọ́n máa kọ ọjọ́ tí wọ́n bá rí àbùùbùtán sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti rí i, àti bóyá ó gbé ọmọ dání. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Keje, kí wọ́n sì pa àkọsílẹ̀ wọn pọ̀ mọ́ ti àwọn ará Kútọnu. Nígbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ti pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́wọ́ wa, aṣojú Nàìjíríà tí ó bá dìde ní ìpàdékípàdé yóò ní ohun tí yóò gbé sórí tábìlì.